Bí Mo Ṣe Rí Olú Olórí Dúdú ní Elelenwo

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ̀ pé Dókítà Olú ni ẹ̀ ń pè mí lẹ́yìn. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ẹ kò jẹ̀bi. Bí ènìyàn bá fi ọdún mẹ́sàn-án kàwé lórí olú, tí kò tíì di dókítà, tí kò sì mọ ọbẹ̀ olú sè, orúkọ wo ni kí wọ́n tún fún un? Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ kiri nípa ìrìn àjò mi sí Port Harcourt ti pọ̀ jù. Wọ́n ní mo jẹ olú onímájèlé, mò ń sọ̀sọkúsọ. Wọ́n ní ọlọ́pàá mú mi nínú igbó. Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an burú ju ìyẹn lọ, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Olú tí mò ń kà kì í ṣe olú tí ẹ mọ̀, èyí tó dé fìlà. Tèmi kò ní fìlà rárá. Ẹ̀ka ló máa ń yọ láti inú ilẹ̀ tàbí lára igi jíjẹrà, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìka ọmọ ọwọ́ tó ń nawọ́ sókè pé kí wọ́n gbé òun. Àwọn òyìnbó ní ó jọ iyùn inú òkun, wọ́n sì ń pè é ní olú iyùn. Òmíràn funfun, òmíràn pọ́n bí epo. Iṣẹ́ mi ni kí n wò ó kí n sọ ẹbí tó ti wá, bí àwọn àgbà ṣe ń wo ọmọ lójú tí wọ́n á ní, "Ọmọ ilé lágbájá nìwọ, imú bàbá rẹ nìyẹn." Àwọ̀ orí ìka yẹn wà lára ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀. Bí ènìyàn bá wá rí èyí tí kò jọ ti ilé ẹnikẹ́ni, tuntun nìyẹn, ẹni tó rí i ló sì máa sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ yẹn ni mò ń lé kiri. Mo ti ṣèlérí fún ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́ tí gbogbo yín mọ̀, pé olú tuntun tí mo bá kọ́kọ́ rí, orúkọ wọn ni mo máa fi sọ ọ́, tí a ó fi ìrù èdè Látìnì sí i, tí gbogbo ayé á máa pè é títí láé. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ mi ni mo ti ṣèlérí yìí. Nígbà tó fi máa pé ọdún kẹsàn-án, ìyá mi kò béèrè mọ́. Wọ́n kàn máa ń wò mí ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi náà ń wò mí. Wọ́n ní igbó kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́yìn Elelenwo, ní Port Harcourt, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo olú inú rẹ̀ dáadáa, kí n débẹ̀ kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi kún un pé àwọn kò tún ní fọwọ́ sí ìrìn àjò mìíràn fún mi.

Àga tí wọ́n ń nù

Eliozu, nínú Port Harcourt náà, ni mo dé sí, lọ́dọ̀ Àǹtí Sìkírá, ìbátan ìyá mi, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti relé ọkọ. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti gààrí ni wọ́n ń tà níwájú ilé. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n figbe ta.

"Àkànní! See as you dry! Ṣé olú nìkan lò ń jẹ ni?"

Wọ́n dì mọ́ mi gbágbá, inú mi dùn, mo rò pé mo ti délé.

Ẹ wá gbọ́ bí ilé náà ṣe rí. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí a kọ́, Àǹtí ní kí n yára wọ̀ ọ́ padà. Kí n tó jókòó, wọ́n fi àkísà tútù nu àga. Mo dìde lọ sẹ́yìn, kí n tó padà dé, wọ́n tún ti nù ún. Àwo tí wọ́n ti fọ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tún fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bu oúnjẹ mi sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọ̀ tí mo fẹ́ sá síta, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sá a sínú pálọ̀. Ooru ń mú, fèrèsé wà ní títì, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan sí i.

Inú bí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Ẹ ò rí nǹkan! Àǹtí Sìkírá ti di ará ìlú ńlá. Wọ́n rò pé ẹrù ìdọ̀tí ni mo kó bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí wọ́n lè gbà pé mo mọ́. Ẹlòmíràn ìbá kàn la ẹnu béèrè. Ṣùgbọ́n akadá ni mí, mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ará Port Harcourt fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ti yẹ lọ.

Ìṣáwùrú

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí òun ló yé mi jù. Ọbẹ̀ wọn níbẹ̀ kún fún ẹja tútù, edé àti ìṣáwùrú tí wọ́n sè pẹ̀lú karawun rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e síwájú mi, mo rò pé egungun rírọ̀ kan ni, mo bá fi eyín fọ́ ọ. Ó dún gbàù. Kúdí, àbígbẹ̀yìn Àǹtí, ọmọ ọdún méje, rẹ́rìn-ín títí ó fi yí lulẹ̀.

"Mummy, Uncle dey chew the shell!"

Ó wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gbé e sẹ́nu tí wọ́n ń fa ẹran inú rẹ̀ jáde, fììn. Mo fà á, kò jáde. Mo fà á títí ojú mi fi pọ́n. Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì, ó ní òun á máa bá mi fà á títí n ó fi lọ.

Yorùbá ni mò ń bá a sọ, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní, "Kúdí, ṣé o jí ire?" Ó ní, "I dey, Uncle." Níta ńkọ́? Ọ̀gá Ngbati ni wọ́n ń pè mí, torí Yorùbá ni mí, kí n tó lọ fúnra mi wá orúkọ tó burú ju ìyẹn. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì ní ojú títì. Ẹja sísun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á da epo àti ata lé e lórí, òórùn rẹ̀ á máa pè ọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dúró níwájú gbogbo ọrọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀pà. Obìnrin náà wò mí. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó wá bá òun wò mí.

"Groundnut? For bole?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá, "Oga Groundnut, how far?" ni wọ́n á máa ké. Mò ń juwọ́ sí wọn. Mo sì ń ra ẹja náà lójoojúmọ́, mi ò lè purọ́, ó dùn.

Mama Ovunda

Oníbàárà Àǹtí kan tí wọ́n ń pè ní Mama Ovunda ló mú mi wọ igbó. Ọmọ Ikwerre ni wọ́n, onílẹ̀ ní Elelenwo, opó ni wọ́n, oko ẹ̀gẹ́ wọn ló sì kángun sí igbó tí mo wá wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, fìlà olókùn, àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ní àpò mẹ́jọ. Mama Ovunda wọ sílípáàsì àti ìró. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Oga, na war?"

Kí oòrùn tó kanrí, mo ti ṣubú sínú àbàtà lẹ́ẹ̀mẹta. Sílípáàsì Mama Ovunda kò tutù. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n jókòó sórí igi kan, wọ́n fi ewé nu igi náà kí n tó jókòó. Èmi tí mo ti fi ẹrẹ̀ para láti orí dé ẹsẹ̀! Mo ní lọ́kàn mi pé ìwà ará ibí rèé o, títí dé inú igbó.

Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wá gan-an. Mo ya àwòrán olú náà fún wọn, mo ṣàlàyé ẹbí rẹ̀, mo ṣàlàyé ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n na ìka sí àwòrán náà.

"Na because of this one you go university?"

"Yes, Mama."

"Your mama still dey alive?"

Mo ní wọ́n wà, ara wọn le dáadáa. Mama Ovunda mi orí bí ẹni tó ń kí olóòkú. "Tell am say make she take heart."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń rákò nínú igbó yẹn. Mo rí olú pupa, mo rí olú aláwọ̀ eérú, mo rí ìyá àti bàbá olú, gbogbo wọn pátá ló ti ní orúkọ. Ẹlòmíràn ti sọ wọ́n lórúkọ kí wọ́n tó bí mi. Lálẹ́ ìyá mi á pè mí, wọ́n á ní, "Ṣé ilé Sìkírá tura?" Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè nìyẹn.

Orí dúdú

Ọjọ́ kejìlá, mo dé ibi tí igi ńlá kan ti wó, tí ojú ọ̀run sì là sílẹ̀ níbẹ̀. Lára ìtì igi náà ni wọ́n wà, ó tó ogún ìdì, funfun báláú, gbogbo orí ìka wọn sì dúdú kirikiri. Mo dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo fi awò ọwọ́ mi wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé kan tí mo ti kà tó ní irú olú yìí. N kò ní fi pamọ́ fún yín, mo sunkún. Mama Ovunda rò pé nǹkan ta mí.

Ẹ wo ọgbọ́n tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọ́. Nínú awò, mo rí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ lórí ìka náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé olú tuntun yìí hu irun. Mo rí i pé àwọn tó wà lábẹ́ ìtì, tí igi ṣíji bò, kò dúdú lórí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé funfun ni wọ́n lọ́mọdé, orí wọn á wá dúdú bí wọ́n bá dàgbà. Mo ka ohun tí mo kọ, mo yin ara mi. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa ni pé a kì í fọ olú tí a bá já, a kì í kan omi sí i, torí náà mo fi bébà wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìkókó.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Orí dúdú? Ṣé kì í ṣe ìdọ̀tí?"

Ó dùn mí dé egungun. Mo ní, "Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ṣé n kò ní mọ ìdọ̀tí bí mo bá rí i?"

Mo wá pe ìyá mi. Mo ní, "Ìyá mi, mo ti rí yín." Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé? Àbẹ̀kẹ́ gan-an?" Mo ní wọ́n á kọ ọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe aládùúgbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kí wọn ní Ìyá Olú, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tó lọ kí wọn kú oríire.

Bàsíà omi

Ọjọ́ tó kù ọ̀la kí n máa bọ̀, mo lọ dágbére fún Mama Ovunda ní Elelenwo. Mo gbé àpótí olú mi dání, n kì í fi í sílẹ̀. Wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, inú wọn dùn bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ní ẹ̀bùn.

"Oga, come see. I don gather am plenty for you."

Bàsíà ńlá kan ló wà nílẹ̀, ó kún fún olú iyùn, olú mi, láti ara ìtì igi mi. Wọ́n ti ṣà á mọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta. Ó funfun láti ìdí dé orí. Kò sí dúdú kankan níbẹ̀.

Mo kígbe. "Mama! Where the black?"

"Which black?"

"The black wey dey for the head!"

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. "Ah-ah. Na soot na. I don wash am."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú ìbínú, pé wọ́n ti fi omi bó àwọ̀ olú náà, pé irun rẹ̀ nìyẹn, pé àgbà rẹ̀ nìyẹn. Mama Ovunda kò bá mi jiyàn. Wọ́n na ọwọ́ sí ewé kókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi ìka kan fà á láti ìdí dé orí, wọ́n sì na ìka náà sí mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n fà á lórí àga. Dúdú. Wọ́n fà á lórí fìlà olókùn mi. Dúdú.

Mo ṣí àpótí mi. Mo mú èyí tó dára jù nínú wọn, mo fi itọ́ ra àtàǹpàkò, mo nu orí ìka kan ṣoṣo. Funfun ni.

Súùtù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èéfín ni. Wọ́n ní láti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́bàá odò ló ti ń gòkè, tí á sì padà bọ́ sórí ìlú wẹ́wẹ́, sórí àga, sórí àwo, sórí aṣọ tí a sá. Bí ìtì igi náà ṣe wà ní gbangba, orí olú tó nà sókè ló ń gbà á. Olú funfun tó kù yẹn, tí a bá ti nù ún, irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wa. Mo ti já a rí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ orúkọ rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mama Ovunda mú àkísà, wọ́n ní kí n dìde ná kí àwọn nu ibẹ̀. Ẹ̀rín wá ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, n kò mọ èyí tí n bá ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. "Sorry, my pikin. Carry am go give your mama, make she cook am."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí owó orí fóònù mi fi tán. Èmi ni mo pè wọ́n, ẹ ò rí i.

Ilé

Mo ti kọ́ ohun tí mo máa sọ kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá ìyá mi ní pálọ̀ pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ti wọ aṣọ tó dára. Àwọn obìnrin náà dìde, wọ́n ní, "Bàbá Olú dé!" Ohun tí mo kọ́ fò lọ. Mo kúnlẹ̀ bí obìnrin níwájú ìyá mi, mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Olú yẹn kì í ṣe tuntun. Èéfín ló bà lé e lórí. Kò sí Àbẹ̀kẹ́ nínú ìwé."

N kò fẹ́ kí wọ́n sunkún, mo bá sọ ọ́ di eré. Mo dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi bí mo ṣe ń fi awò wo irun olú hàn wọ́n. Mo fi bí Àǹtí Sìkírá ṣe ń nu àga hàn wọ́n. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé gèlè ọ̀kan tú. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àkànní, dákẹ́ ná. O ní láti ojú ọ̀run ló ti ń bọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó fi dé inú igbó, tó bà lé orí olú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn èèyàn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń mí sínú?"

Wọn kò dúró de èsì mi. Wọ́n ti ń wá Àǹtí Sìkírá lórí fóònù wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kó máa dún síta torí etí wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀ olú. Wọn kò sọ̀rọ̀ orúkọ. Wọ́n ní, "Sìkírá, àyà àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohùn Àǹtí lọ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín? Ti Kúdí ló le jù. Ó ti pé ọdún kan báyìí tó ti ń fa oògùn sẹ́nu kó tó lè sùn."

Pálọ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ yẹn jọ ń sùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mò ń gbọ́ tó ń wúkọ́, mo rò pé ọ̀fìnkìn ni.